Àlejò Tí Ó Mọ Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà lónìí kan gbogbo ilé ní Ọ̀fàdà, Mowe, Ibafo àti Ifọ̀. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kí ni ó ń mú wọn wá sọ́dọ̀ wa? Nígbà tí wọ́n bá dé tán, kí ni ó ń mú wọn lọ?

Kì í ṣe pé àlejò wọ́n ní agbègbè wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ńlá tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní 1978 ni àwọn ará Èkó ti ń ra ilẹ̀ ní Mowe àti Ibafo, nítorí pé ilé wọ́n ní Èkó. Oko ẹ̀gẹ́ di ojúlé. Tíṣà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a ti wọ ọkọ̀. Ọmọ Èkó ni tíṣà yẹn ń kọ́. Aláìsàn Èkó ni nọ́ọ̀sì yẹn ń tọ́jú. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sùn, ibòmíràn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òmíràn wà tí ìjọba fún ní iṣẹ́ ní abúlé, tí ó jẹ́ pé Èkó ni ó ń sùn. Á dé ní ọjọ́ Ajé, á lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Bí obìnrin bá wá ń rọbí ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, ta ni yóò gbẹ̀bí fún un?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìgbà kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá láti òkèèrè. Ní 1979, ìjọba ẹgbẹ́ UPN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ní ìpínlẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára wọn. Olóyè Bísí Ọnàbánjọ ni gómìnà. Ọmọ pọ̀, tíṣà kò tó. Ní àkókò yẹn gan-an, nǹkan le koko ní Ghana, owó epo sì ti mú kí náírà lágbára. Ni àwọn tíṣà ọmọ Ghana bá ń wọlé. Wọ́n dé ilé-ìwé ìgbèríko tí ọmọ ìgboro kò fẹ́ fojú rí. Títí di òní, àgbàlagbà púpọ̀ kò gbàgbé tíṣà ọmọ Ghana tí ó kọ́ wọn ní ìṣirò.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde. Ọmọ Ghana tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Báàgì tí wọ́n di ẹrù sí ni a ń pè ní Ghana-must-go títí di ìsinsìnyí. A kò gbọdọ̀ sọ pé àwa nìkan ni a ṣe bẹ́ẹ̀: ní 1969, ìjọba Busia ní Ghana ti lé àwọn èèyàn wa kúrò, ọjọ́ 14 ni wọ́n fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì, ọmọ ta ni ó jìyà rẹ̀? Ọmọ tiwa ni. Àwọn tíṣà mìíràn kò tilẹ̀ lọ ní ọdún náà. Láti 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn di ẹrù wọn. Owó ni ó mú wọn wá. Nígbà tí owó kò lágbára mọ́, ẹni tí ó kù ni ẹni tí ó ti fẹ́ aya níhìn-ín, tàbí tí ó ti kọ́ ilé.

Ní 2009 ìjọba àpapọ̀ gbé ètò agbẹ̀bí kan kalẹ̀. Wọ́n pe àwọn agbẹ̀bí tí kò níṣẹ́, àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì, àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì pín wọn sí ilé ìwòsàn ìgbèríko, mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹnì kan lè wà níbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ìjọba àpapọ̀ yóò san owó oṣù. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi owó díẹ̀ lé e, wọn yóò sì wá ilé fún wọn. Ètò náà dára lójú wa. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àfikún owó kò dé, ilé kò sí. Ẹ sọ fún wa, agbẹ̀bí tí kò ní ibi tí yóò sùn sí, báwo ni yóò ṣe dúró de aboyún lóru?

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Ọsirélíà, ìlú ńlá ni gbogbo èèyàn ń sá lọ níbẹ̀ náà. Nítorí náà, láti 2019, ìjọba wọn ń fún àlejò tí ó mọ iṣẹ́ ní ìwé ìgbélùú ọdún 5 kan. Àdéhùn rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ gbé ní Sydney, Melbourne tàbí Brisbane. Bí ó bá ti lo ọdún 3 ní ìgbèríko, tí ó sì ń ṣiṣẹ́, ó lè béèrè ìwé tí yóò fi máa gbé níbẹ̀ títí. Ẹ kíyè sí i o: lẹ́yìn tí ó bá ti gba ìwé yẹn, kò sí òfin tí ó tún dè é mọ́ ìgbèríko. Ọdún 3 náà ni ìlú kékeré ní láti fi sọ ọ́ di ọmọ ilé. Tiwa tilẹ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọdún 1 péré ni àwọn àgùnbánirọ̀ ń lò láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973.

Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlejò lè ní ilé méjì. Kí ni ó wà lọ́wọ́ wa? Owó oṣù kò sí lọ́wọ́ wa, ti ìjọba ni. Ilé wà lọ́wọ́ wa: yàrá méjì tí kò jò, nítòsí ilé ìwòsàn, tí kànga wà níbẹ̀, tí onílé kò ní máa fi owó kún owó ilé lọ́dọọdún. Ẹ wo ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọkọ nọ́ọ̀sì kò bá ríṣẹ́ ní ìtòsí, nọ́ọ̀sì yóò bá ọkọ rẹ̀ lọ ni. Bí ó bá fẹ́ dá oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀, ẹ fún un nílẹ̀. Ẹ pè é sí ìpàdé ìlú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àjèjì níbẹ̀. Ní ti oúnjẹ, a kò bẹ̀rù: ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, ti mú àlejò púpọ̀ gbàgbé ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ kọ orúkọ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò yín sínú ìwé. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ó ń sùn sí àti ọdún tí ó dé. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń ni wọ́n lára jù. Lẹ́yìn náà, ẹni mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ kọ lẹ́tà kan sí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní Owódé. Ẹ̀yin ti Ifọ̀, sí alága tiyín. Ẹ sọ ohun kan tí ìlú fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, àti ohun kan tí ẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe. Ẹ mú un wá sí kíláàsì kí a jọ kà á kí a tó fi ránṣẹ́.