Kà Á Kí O Tó Wọ Ọkọ̀ Òfurufú

Ọmọ mi, bóyá ìwọ lò ń múra àtijápa, bóyá àwọn òbí rẹ ló ti lọ tipẹ́ tí wọ́n sì bí ọ sọ́hùn-ún, ìwé kan wà tí mo fẹ́ kí o kà. Jhumpa Lahiri ló kọ ọ́, Interpreter of Maladies ni àkọlé rẹ̀. Ìtàn kéékèèké mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ó jáde ní 1999, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2000. Àwọn ará Bengal tí wọ́n ti Íńdíà lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ìtàn náà. Wọn kì í ṣe ẹ̀yà wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Houston tàbí ní Peckham yóò mọ irú ilé tí ìwé yìí ń sọ. Gbọ́ bí mo ṣe fẹ́ kí o kà á.

1. Má kánjú kà á. Ka ìtàn kan, kí o pa ìwé dé títí di ọjọ́ kejì. Òǹkọ̀wé yìí kì í là á mọ́lẹ̀ pé ohun báyìí ló ń dun àwọn èèyàn rẹ̀. Inú ohun tí wọ́n ń sè àti ohun tí wọn kò lè sọ síra wọn ló fi í pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń sáré kà á yóò ní kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

2. Mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀ kí o tó dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pa mọ́ àwọn ará Éṣíà. Ní 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tuntun tó mú ìpín tó dá lórí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá kúrò, tó sì fi ààyè gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀mọ̀wé àti ìbátan àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan lára àwọn ọkùnrin inú ìwé yìí fi jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Iṣẹ́ wà fún ọkọ, ẹlẹgbẹ́ wà fún un níbi iṣẹ́. Ìyàwó tó tẹ̀ lé e wá ńkọ́?

3. Má fojú kékeré wo obìnrin tó ń dá jókòó sílé ní ìlú òyìnbó. Ìtàn Mrs. Sen ni kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì. Òun ń tọ́jú Eliot, ọmọ òyìnbó ọmọ ọdún mọ́kànlá, bó bá ti ilé ìwé dé. Wo bó ṣe ń gé èlò ọbẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó jókòó, abẹ ńlá kan tó tẹ̀ dúró lórí pátákó níwájú rẹ̀. Kì í gbé abẹ náà lọ́wọ́. Ohun tó fẹ́ gé ló ń mú lọ bá a. Ó sọ fún ọmọ náà pé nílé, bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la, gbogbo obìnrin àdúgbò á gbé abẹ tiwọn wá, wọn á máa gé èlò ọbẹ̀ mọ́jú, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ti rí àwọn ìyá wa nídìí ìkòkò lóru ìnáwó mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Ní ibi tó wà báyìí, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó bi ọmọ náà pé bí òun bá figbe ta, ṣé ẹnikẹ́ni á wá?

Ẹja odidi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òkun jáde, wà lára ìwọ̀nba ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń gbéni dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ̀rù ọkọ̀ wíwà sì ń bà á. Lọ́jọ́ kan ó fi tipátipá wa ọkọ̀ jáde, ó sì lọ kọlu òpó wáyà. Àwọn kan á ní, nítorí ẹja? Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí o bá fẹ́ mú ìyàwó lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan, kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe máa jáde, ibi tí yóò ti máa ra èlò ọbẹ̀ àti ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ńlá lè dúró ná.

4. Bí ọ̀rọ̀ bá dun ìwọ àti ẹnì kejì rẹ, ẹ tètè sọ ọ́. Ìtàn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni Shoba àti Shukumar, tọkọtaya kan ní Boston tí wọ́n bí òkú ọmọ. Láti ìgbà náà, inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń sá fún ara wọn. Ìyá Shoba wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wọn. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ. Iṣẹ́ ilé ń lọ, ọ̀rọ̀ ilé dúró. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ iná wá ń mú iná lọ fún wákàtí kan láti aago mẹ́jọ alẹ́ ni tọkọtaya náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ fún ara wọn, nínú òkùnkùn. N kò ní sọ ibi tó já sí fún ọ. Ṣùgbọ́n kíyè sí bó ti pẹ́ tó kí wọ́n tó la ẹnu.

5. Ìwọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, jókòó ti àwọn òbí rẹ bí wọ́n bá ń gbọ́ ìròyìn ilé. Nínú ìtàn Mr. Pirzada, 1971 ni, ogun tó sọ Ìlà Oòrùn Pakistan di Bangladesh ń jà. Ọkùnrin náà wá ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin méje wà ní Dhaka, kò sì gbúròó wọn. Ó máa ń wá jẹun alẹ́ nílé àwọn òbí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lilia. Kó tó jẹun, á yọ aago àpò kan tó ń ka àkókò Dhaka, á gbé e sórí tábìlì. Nílé ìwé, ìtàn bí Amẹ́ríkà ṣe gba òmìnira ni wọ́n ń kọ́ Lilia. Nígbà tó ṣí ìwé nípa Pakistan, olùkọ́ ní kó dá a padà. Ọmọ náà wá ń jẹ súìtì kan lára èyí tí ọkùnrin yìí fún un lálaalẹ́, á sì gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí kò rí rí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìdí tábìlì oúnjẹ ló ti mọ̀ ọ́n.

6. Má sì rò pé àjò ló fa gbogbo ìyà. Boori Ma, arúgbó tó ń gbálẹ̀ àtẹ̀gùn ilé kan ní Kolkata, kò dé ìlú òyìnbó rí. Ìpínyà Íńdíà àti Pakistan ní 1947 ló lé e kúrò nílé tirẹ̀, àwọn tó ń gbá ilẹ̀ fún ló sì tún lé e sí ìgboro nígbà tí olè jà.

7. Bi bàbá rẹ léèrè ìrìn-àjò rẹ̀. Ìtàn tó kẹ́yìn ìwé náà sọ nípa ọkùnrin kan tó kúrò ní Íńdíà ní 1964, tó gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì dé Boston ní 1969 nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ó gba yàrá lọ́wọ́ arúgbó ẹni ọdún 103, dọ́là mẹ́jọ lọ́sẹ̀. Cornflakes àti wàrà ló ń jẹ kí ìyàwó rẹ̀ tó dé. Bàbá Lahiri fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní yunifásítì Rhode Island, ni òǹkọ̀wé náà wò kọ ìtàn ọkùnrin yìí. Bàbá tìrẹ náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú. Bi í pé èló ni owó yàrá tó kọ́kọ́ gbà, kí ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ta ló fi ọ̀nà bọ́ọ̀sì hàn án. Bó bá ní kò sí nǹkan kan, fi í sílẹ̀, kí o tún bi í lọ́jọ́ mìíràn. Fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí o sì bi ìyá rẹ lọ́tọ̀, nígbà tí bàbá kò bá sí nítòsí, nítorí tirẹ̀ kò ní bá ti bàbá mu.