Ọjọ́ Mímọ́ Tí Ó Bọ́ Sí Àárín Ọ̀sẹ̀

Púpọ̀ nínú yín ní Ìmọ̀tà ni ó ti bi wá léèrè pé, “Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá lọ sí oko tàbí sí ọjà ní ọjọ́ Ìgòkè-re-Ọ̀run?” Ìbéèrè náà tọ́, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti to àwọn ọjọ́ wọ̀nyí.

Irú méjì ni wọ́n. Àwọn kan dúró lójú kan: Kérésìmesì, 25 oṣù Kejìlá, Ìfihàn, 6 oṣù Kíní, Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, 1 oṣù Kọkànlá. Àwọn mìíràn a máa ṣí, Àjíǹde ni wọ́n sì ń tẹ̀lé. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé òṣùpá kíkún tí ó bọ́ sí 21 oṣù Kẹta, tàbí èyí tí ó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn rẹ̀, ni Àjíǹde. Nítorí náà kò lè ṣáájú 22 oṣù Kẹta, kò sì lè kọjá 25 oṣù Kẹrin. Ní 2024, ó bọ́ sí 31 oṣù Kẹta. Ní 2025, 20 oṣù Kẹrin. Bí a bá ka Àjíǹde ní ọjọ́ kìíní, Ìgòkè-re-Ọ̀run ni ogójì, Pẹ́ńtíkọ́sì ni àádọ́ta.

Òfin Ìjọ Àgùdà ti 1983 dárúkọ ọjọ́ mẹ́wàá, yàtọ̀ sí Ọjọ́ Ìsinmi, tí ó di dandan láti wá sí Máàsì. Ìwé Àdúrà tiwa pàṣẹ pé kí a pa àwọn àjọ̀dún mọ́, ó sì yan àdúrà àti ẹ̀kọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò fi ègún lé ẹni tí iṣẹ́ dí lọ́wọ́.

Síbẹ̀, òmìnira kì í ṣe ìgbàgbé. Ọjọ́ Pétérù Mímọ́, 29 oṣù Kẹfà 1864, ni a fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. 31 oṣù Kejìlá 1891 ni ó sùn nínú Olúwa ní Èkó. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ èyí?

Ní Ìgòkè-re-Ọ̀run kan, ènìyàn mọ́kànlá péré ni a bá nínú ilé Ọlọ́run. A fi ìbínú bá àwọn tí ó wá wí, àwọn tí kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ẹ̀bi tiwa ni: agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a dá ìsìn náà sí, nígbà tí àgbẹ̀ ti wà lóko. Láti ìgbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ń lu agogo.

Nítorí náà, ará, wá jọ́sìn ná, kí o sì lọ sí oko rẹ ní àlàáfíà. Bí o kò bá lè wá, kó agbo ilé rẹ jọ, ka àdúrà ọjọ́ náà. Ìwọ tí o gba alágbàṣe, jẹ́ kí ó wá pẹ̀lú rẹ. Ohun tí ọmọ kò bá rí kí baba rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún, yóò ṣòro kí òun náà bọ̀wọ̀ fún un.