Ibo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Ti Kọ́kọ́ Gbé Ẹsẹ̀ Lé Pákó Síkì ní Yúróòpù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n, Manchester tàbí Berlin fún ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ á ti mọ bó ṣe máa ń rí. Tó bá ti di nǹkan bí oṣù kọkànlá, àwọn ará ibi iṣẹ́ tàbí ọmọ kíláàsì yín á bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́: òkè ńlá funfun, oòrùn tó ń ràn, àwọn èèyàn tó ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yọ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé wàá bá wa lọ?" Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá. Tẹ́ ẹ bá sì lọ síbi tí kò yẹ yín, ẹ lè san gbogbo owó yẹn tán, kẹ́ ẹ wá fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú orúnkún tó wú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fọ́tò kì í sọ̀rọ̀ tán. Ohun tó ń mú kí òkè rẹwà lójú ni pé ó ga, ó sì dúró ṣánṣán. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ síkì nílò ni ilẹ̀ tó fẹ̀, tó rọra dà gẹ̀rẹ́. Ẹ ò rí i pé méjèèjì ń ta ko ara wọn? Torí náà, ibi tí à ń wá ni ibi tí òkè ṣánṣán ti wà lọ́ọ̀ọ́kán fún ojú, tí ilẹ̀ tó rọrùn sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi físíìsì díẹ̀ àti ìmọ̀ òkúta díẹ̀ wá a.

Àwọ̀ ojú ọ̀nà: kí ló ń sọ fún wa?

Ní Yúróòpù, àwọ̀ ni wọ́n fi máa ń sàmì sí ojú ọ̀nà síkì. Búlúù ni ti ẹni tó ń kọ́, pupa ni ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, dúdú ni ti àwọn ọ̀gá. Ilẹ̀ Faransé tún ní aláwọ̀ ewé, tó rọrùn ju búlúù lọ. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Jámánì àti Ọ́síríà ni pé, yàtọ̀ sí àwọn ibi kéékèèké, ojú ọ̀nà búlúù kò gbọ́dọ̀ dà ju 25% lọ, pupa kò gbọ́dọ̀ ju 40% lọ. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, dúdú ni. Ohun tí 25% túmọ̀ sí ni pé fún mítà 100 tẹ́ ẹ bá lọ síwájú, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 25. Igun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 14. Igun ti 40% jẹ́ nǹkan bíi dígírì 22.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Dígírì 14 sí dígírì 22, kí ló wà níbẹ̀?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òòfà ilẹ̀ ló ń fà yín sọ̀ kalẹ̀. Friction láàárín pákó àti òjò dídì ló ń fà yín sẹ́yìn. Lórí òjò dídì, friction yẹn kéré gan-an: ká fi 0.05 ṣe é. Tẹ́ ẹ bá yọ agbára kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ohun tó kù ló ń fi eré kún eré yín. Ká ní ẹ kàn dúró lórí pákó, ẹ ò yà sọ́tùn-ún, ẹ ò yà sósì, ẹ ò sì tẹ búréèkì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5 péré:

- lórí 10% (ibi ìkọ́ni tó rọ̀ jù), ẹ ti wà lórí nǹkan bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan;
- lórí 25%, ẹ ti wà lórí nǹkan bíi kìlómítà 34;
- lórí 40%, ẹ ti wà lórí nǹkan bíi kìlómítà 57.

Kìlómítà 57! Ìyẹn ti di eré ọkọ̀ lójú títì, ẹsẹ̀ méjì sì lẹ fi ń sá a. Ó tún kù. Agbára tẹ́ ẹ máa fi ṣubú kì í bá eré dọ́gba. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá fi 57 pín sí 34, tẹ́ ẹ sì fi èsì rẹ̀ ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ máa rí nǹkan bíi 2.8. Ìyẹn ni pé ìṣubú orí ojú ọ̀nà pupa lè fẹ́rẹ̀ẹ́ le ní ìlọ́po mẹ́ta ju ti búlúù lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan fi ẹ̀rín fa yín lọ sórí pupa lọ́jọ́ kejì.

Tẹ́ ẹ bá ń wo máàpù ibi kan, ẹ má kàn ka iye kìlómítà tí wọ́n fi ń polówó. Ẹ wò ó bóyá àwọn ojú ọ̀nà búlúù so mọ́ra wọn. Ẹ tún wo ojú ọ̀nà tó kẹ́yìn, èyí tó padà sí abúlé. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní búlúù lókè, àmọ́ tó jẹ́ pupa lẹ máa bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ rí i dájú pé ọkọ̀ orí wáyà tàbí rélùwéè wà tó lè gbé yín sọ̀ kalẹ̀.

Kí tiẹ̀ ló ń mú kí pákó yọ̀?

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ máa ń fúnni ni pé ìwúwo èèyàn ló ń tẹ yìnyín tó fi ń yọ́. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹni tó wúwo tó kílò 70 ń tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi newton 690. Pákó méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 1.6, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, ló pín ìwúwo yẹn. Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi pascal 2,700, èyí tí kò tó 3% agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀, kí yìnyín tó lè yọ́ ní dígírì kan péré sísàlẹ̀ òdo, ó gba agbára tó ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100. Àlàyé yẹn ò dúró.

Ní 1939, àwọn onímọ̀ méjì láti Cambridge, Bowden àti Hughes, tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jungfraujoch, lórí òkè Swítsálandì, jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé ooru tó ń jáde nígbà tí pákó àti yìnyín bá ń ha ara wọn ló ń yọ́ ìpele omi tín-ín-rín sábẹ́ pákó. Orí omi yẹn lẹ ń yọ̀. Lónìí, a tún mọ̀ pé àwọn mólékù tó wà lójú yìnyín gan-an kì í di ara wọn mú bíi ti àwọn tó wà nínú.

Kí nìyẹn kàn yín? Ó kàn yín gan-an. Tí otútù bá pọ̀ jù, omi yẹn á kéré, pákó á máa fà bí ẹni ń rìn lórí yanrìn. Tí ooru bá pọ̀ jù, omi á pọ̀ jù, pákó á máa lẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó léwu jù ni kó yọ́ lọ́sàn-án, kó tún dì lóru. Láàárọ̀, ẹ máa bá ilẹ̀ tó le bíi gíláàsì. Lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ má kánjú jáde ní kùtùkùtù. Ẹ jẹ́ kí oòrùn tu ilẹ̀ lójú díẹ̀.

Gíga òkè, àti ibi tó kọjú sí

Fún gbogbo mítà 1,000 tẹ́ ẹ bá gùn, otútù máa ń fi nǹkan bíi dígírì 6.5 pọ̀ sí i. Tí abúlé kan tó wà ní mítà 1,000 bá wà lórí dígírì 3, ibi tó wà ní mítà 2,000 lókè rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi dígírì 3.5 sísàlẹ̀ òdo. Òjò kan náà ni, àmọ́ nísàlẹ̀ omi ni, lókè òjò dídì ni. Bí ayé ṣe ń móoru yìí, àwọn ibi tó wà nísàlẹ̀ ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹ̀rọ tó ń ṣe òjò dídì wà lóòótọ́, àmọ́ òun náà nílò otútù kó tó lè ṣiṣẹ́. Torí náà, ibi tí ojú ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ bá wà ní nǹkan bíi mítà 1,700 sókè fọkàn ẹni balẹ̀ jù.

Ẹ tún wo ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kọjú sí. Ní Yúróòpù, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí àríwá máa ń pa òjò dídì rẹ̀ mọ́ pẹ́. Èyí tó kọjú sí gúúsù máa ń móoru, fọ́tò ibẹ̀ sì máa ń dáa, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè rọ̀.

Ibi tí mo máa yàn: Alpe di Siusi, Ítálì

Tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, èyí ni màá mú. Pápá orí òkè tó tóbi jù ní Yúróòpù ni. Ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 56, gíga rẹ̀ sì wà láàárín nǹkan bíi mítà 1,680 sí 2,350. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ gíga ti yanjú.

Ìtàn òkúta ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 240 ọdún sẹ́yìn, òkun gbígbóná ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú omi ń kó òkúta jọ di òkìtì ńláńlá. Láàárín àwọn òkìtì yẹn, nísàlẹ̀ òkun, ohun tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde àti ẹrẹ̀ ló kún ibẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ sókè, òkìtì òkúta líle di ògiri ṣánṣán bíi Sassolungo, tó ga ní mítà 3,181. Òkúta tó rọ̀ jẹra díẹ̀díẹ̀, ó di pápá tó rọra ń dà gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí ògiri fi wà fún ojú, tí pápá fi wà fún ẹsẹ̀! Òkúta líle yẹn là ń pè ní dolomite, láti inú orúkọ Déodat de Dolomieu, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1791. Ní 2009, UNESCO fi àwọn òkè Dolomites sára ogún àgbáyé.

Nírọ̀lẹ́, àwọn òkè náà máa ń pọ́n bíi pé wọ́n gbaná. Àwọn tó ń sọ èdè Ladin níbẹ̀ ń pè é ní enrosadira. Oòrùn tó ti lọ sílẹ̀ ní láti la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ á tú ìmọ́lẹ̀ búlúù ká, pupa ló máa dé ara òkúta.

Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ náà ò ní súni. Láti ibẹ̀, ẹ lè gba Val Gardena dé ojú ọ̀nà Sella Ronda, tó yí òkè Sella ká. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ orí wáyà, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 40, búlúù àti pupa ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ tètè jáde o. Tí wọ́n bá ti àwọn ọkọ̀ orí wáyà pa kẹ́ ẹ tó yí i tán, àfonífojì míì lẹ máa bá ara yín, owó takisí á sì dùn yín.

Àwọn míì

Wengen, Swítsálandì: rélùwéè ló ń gbé èèyàn débẹ̀ láti Lauterbrunnen. Òkè Eiger, Mönch àti Jungfrau ló máa dojú kọ yín, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀bẹ̀rẹ̀ sì wà láàárín abúlé. Àléébù rẹ̀ ni pé abúlé wà ní mítà 1,274 péré, torí náà oṣù kìíní tàbí ìkejì ló dáa jù.

Zermatt, ní Swítsálandì kan náà: òkè Matterhorn, mítà 4,478, kò láfiwé. Òjò dídì kì í wọ́n níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ ló máa jẹ̀gbádùn rẹ̀ jù, owó ibẹ̀ sì ga.

Bansko, Bùlgáríà: tí àpò ò bá fẹ́ gbé e, ẹ wo ibí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pirin, ọgbà ìjọba tó ti wà nínú ogún àgbáyé láti 1983. Owó tíṣà àti oúnjẹ rọ̀ ju ti Alps lọ.

Chamonix, ilẹ̀ Faransé: ó lẹ́wà, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ àfonífojì tó há ni, àwọn ibi síkì rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀ láàárín wọn. Ẹ fi sílẹ̀ di ọdún míì.

Ojú àti awọ ara

Ẹ má gbà pé aláwọ̀ dúdú ò nílò ìpara oòrùn lórí òkè. Ìtànṣán ultraviolet máa ń fi nǹkan bíi 10% pọ̀ sí i fún gbogbo mítà 1,000, òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sì lè dá nǹkan bíi 80% rẹ̀ padà sójú yín láti ìsàlẹ̀. Melanin ń ran awọ ara lọ́wọ́, àmọ́ kò ṣe nǹkan kan fún ojú ẹyinjú. Oòrùn lè jó o débi tí ẹ ò fi ní lè lajú fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Awò síkì kì í ṣe fááàrí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ bíi ti ọyẹ́: ẹ mú òrí tàbí Vaseline dání fún ètè, kẹ́ ẹ sì máa mumi.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

- Físà Schengen ni wọ́n fi ń wọ Ítálì, Faransé, Swítsálandì àti Bùlgáríà. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í rọ́pò rẹ̀ fún ẹni tó ń lo páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Ẹ gba físà kẹ́ ẹ tó san owó tí wọn ò ní dá padà.
- Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín sáà nínú oṣù kejì. Èrò máa ń pọ̀ jù, owó á gbówó lórí.
- Ẹ sanwó tíṣà fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ tó mọ síkì kì í ṣe tíṣà.
- Ẹ ra ìbánigbófò tó dárúkọ síkì ní pàtó. Ní Ítálì, láti 2022, òfin sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ní èyí tó máa sanwó tẹ́ ẹ bá ṣe ẹlòmíì léṣe.
- Ẹ yá pákó àti bàtà lọ́hùn-ún, ẹ má rà á. Kẹ́ ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ìwúwo yín àti bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n sí, torí ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣètò ohun tó máa tú ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ lára pákó tẹ́ ẹ bá ṣubú. Tẹ́ ẹ bá purọ́ níbẹ̀, orúnkún yín ló máa san án.