Ta Ló Ju Ta Lọ? Ọ̀rọ̀-Ìṣe "Jù" àti Àríyànjiyàn Lórí Ẹgbẹ́ Olórin Rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìlúmọ̀ọ́ká olórin Amẹ́ríkà méjì kú tẹ̀ léra wọn. Sly Stone, olórí ẹgbẹ́ Sly and the Family Stone, kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Brian Wilson, tó kọ ọ̀pọ̀ orin The Beach Boys, kú ní ọjọ́ kọkànlá. Ẹni ọdún 82 ni àwọn méjèèjì. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì, ikú wọn tún jí àríyànjiyàn àtijọ́ kan dìde: nínú gbogbo ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ti Amẹ́ríkà jáde, èwo ló dára jù lọ? Ẹnìkan ní The Beach Boys ni. Òmíràn ní Nirvana ni, kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹnìkẹta ní bí a kò bá dárúkọ Eagles, a kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, nítorí náà kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni mo ń gbọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo ń gbọ́ gbólóhùn tí wọ́n fi ń jiyàn náà pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àyọkà yìí ni pé àríyànjiyàn náà kò lè ní orí àti ìdí bí a kò bá mọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú "jù lọ", àti pé èdè Yorùbá ń fi èyí hàn kedere ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Iṣẹ́ tí "jù" ń ṣe

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Adé ga ju Olú lọ." Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ga, jù àti lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ ni wọ́n, nítorí pé wọ́n tẹ̀ léra nínú gbólóhùn kan ṣoṣo láìsí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ láàárín wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ kíyè sí i pé ohùn ìsàlẹ̀ orí "jù" ti di ohùn àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e. "Ga" ló sọ ohun tí a ń wọ̀n. "Jù" ló sọ pé ẹnìkan kọjá ẹnìkejì lórí ìwọ̀n náà.

Leon Stassen, nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1985 lórí bí àwọn èdè àgbáyé ṣe ń fi nǹkan wéra, ya àwọn èdè tó ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí "kọjá" sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí oríṣi kan. Irú wọn pọ̀ ní Áfíríkà. Àwọn Hausa ní "fi", àwọn Igbo ní "ka", àwa ní "jù".

Ǹjẹ́ a lè yọ "ga" kúrò? A lè sọ pé "Adé ju Olú lọ", gbólóhùn náà kò sì ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi ọgbọ́n orí wá ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ, yóò rò pé ọjọ́ orí ni. Bó bá jẹ́ ìjàkadì, agbára ni. Bí kò bá rí nǹkan kan dì mú, yóò béèrè pé, "Nípa kí ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ "great" nínú Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbàgbé. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kan tó gba gbogbo ohun tí wọ́n kó sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, dandan ni kí n yàn: ẹgbẹ́ tó dára jù, tó lókìkí jù, tó tà jù, tó pẹ́ jù, tàbí tó yí orin padà jù. Bí mo bá sì ti yàn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà.

Pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹgbẹ́ á yí padà

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá jẹ́ "tà", Eagles ló ni ọjà. Ní ọdún 2018, àjọ RIAA, tó ń fi òǹtẹ̀ lu títà àwo orin ní Amẹ́ríkà, ka àwo wọn Their Greatest Hits (1971–1975) sí mílíọ̀nù 38. Kò sí àwo mìíràn tó ga tó o ní orílẹ̀-èdè náà.

Bó bá jẹ́ "ṣeré lójú agbo", ẹ jẹ́ ká kí Grateful Dead. Láti 1965 títí di 1995 tí Jerry Garcia kú, wọ́n ṣeré ju ìgbà 2,300 lọ, wọ́n sì gba àwọn olùgbọ́ láàyè láti gba ohùn eré náà sílẹ̀ fúnra wọn.

Bó bá jẹ́ "yí orin padà", The Velvet Underground ti New York máa jẹ́ ẹ̀rí wa. Àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1967 kò tà púpọ̀ nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olórin tó dé lẹ́yìn wọn ló kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. David Bowie ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan. Ramones náà lè jẹ́jọ́ níbí: àwo wọn àkọ́kọ́, ní 1976, kó orin 14 jọ, síbẹ̀ kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti Nirvana ńkọ́? Nevermind jáde ní oṣù kẹsàn-án 1991. Ní oṣù kìíní 1992, ó lé Dangerous ti Michael Jackson kúrò ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard.

Creedence Clearwater Revival ni àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni orin wọn dé ipò kejì lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà, kò sì sí ọ̀kan tó dé ipò kìíní. Lórí ìwọ̀n "gba ipò kìíní", òdo ni wọ́n gbà. Lórí ìwọ̀n "kọ orin tí ayé kò gbàgbé", ta ló máa sọ pé òdo ni?

Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kò sọ pé aṣọ àgbà ló pọ̀ jù. Ó ní ìwọ̀n méjì ló wà, aṣọ àti àkísà, kí a má fi ọ̀kan dá ẹjọ́ èkejì.

Àwọn wo là ń fi wéra?

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. "Jù lọ" tún nílò agbo: ta ni ẹni náà jù? Nínú "ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà", ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń pa ààlà agbo náà, kò sì sí èyí tí ààlà rẹ̀ dúró ṣinṣin.

Ẹ mú "Amẹ́ríkà". Seattle ni wọ́n bí Jimi Hendrix sí, ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti dá The Jimi Hendrix Experience sílẹ̀ ní 1966, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn méjì tó kù. Nínú àwọn márùn-ún tó wà nínú The Band, mẹ́rin jẹ́ ọmọ Kánádà. Mẹ́síkò ni wọ́n bí Carlos Santana sí, San Francisco ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orin "Jingo" tó wà nínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1969 sì wá láti ọ̀dọ̀ Babatunde Olatunji, onílù ọmọ Ajido lẹ́bàá Àgbádárìgì. Orin ta ni ká wá pè é?

Ẹ mú "ẹgbẹ́". Púpọ̀ nínú ohun èlò tí a ń gbọ́ nínú Pet Sounds, àwo The Beach Boys tó jáde ní 1966, ni àwọn òṣèré tí wọ́n háyà lù; kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọ̀nà kejì, bí a bá ti ní ẹgbẹ́ nìkan la fẹ́, Chuck Berry àti Little Richard ti bọ́ sílẹ̀, nítorí orúkọ ara wọn ni wọ́n fi kọrin. Bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tí Rock and Roll Hall of Fame kọ́kọ́ bu ọlá fún ní 1986. Sister Rosetta Tharpe, obìnrin tó ta gìtá oníná sí orin ìjọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ Elvis, kú ní 1973. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gbà á sí ilé ọlá yẹn.

"Rọ́ọ̀kì" ló wá nira jù. Àtẹ tí ìwé ìròyìn Billboard fi ń ka orin àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún náà lọ́hùn-ún, "Race Records" ni wọ́n ń pè é; ọdún 1949 ni wọ́n yí i sí "Rhythm & Blues". Orúkọ yí, ìyàsọ́tọ̀ kò kúrò. Ẹ gbọ́ gìtá Eddie Hazel nínú Maggot Brain tí Funkadelic ṣe ní 1971, kí ẹ sọ fún mi ohun tí kì í ṣe rọ́ọ̀kì nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń to orúkọ, orí àtẹ mìíràn ni wọ́n máa ń gbé ẹgbẹ́ náà sí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ti dá ẹjọ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dé ilé ẹjọ́. Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé àríyànjiyàn yìí ju eré lọ nìyí: ẹni tó pa ààlà agbo ló mọ ẹni tí a máa rántí.

Ṣé gbogbo wa la jàre?

Ẹnìkan lè sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kálukú ló jàre, kí a lọ sùn. Rárá o. Oríṣi àríyànjiyàn mẹ́ta ló dì mọ́ra níbẹ̀, ó sì yẹ ká tú wọn. Èkínní ni ti òtítọ́: ta ló tà jù? Àkọsílẹ̀ lè parí ìyẹn. Èkejì ni ti adùn. Bí mo bá ní "Àmàlà dùn ju iyán lọ", tí o sì ní "Kò dùn jù ú lọ", kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa, síbẹ̀ a kò fohùn ṣọ̀kan. Peter Lasersohn kọ̀wé lórí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní 2005, àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ sì ń bá a fà á títí di òní.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwọ̀n: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló yẹ kó ṣáájú "jù lọ"? Èyí kì í ṣe adùn lásán, àkọsílẹ̀ kò sì lè parí rẹ̀. Ìdí ni a ó mú wá. Ẹni tó yan "tà" gbà pé ọjà ni adájọ́ orin. Ẹni tó yan "yí orin padà" gbà pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni adájọ́. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí ni ohun tí orin wà fún.

Ìdáhùn tèmi

N kò ní fi ẹsẹ̀ kan sílé, kí n fi ọ̀kan síta. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo yàn wá láti inú ìbéèrè fúnra rẹ̀: ẹgbẹ́ ni a ní ká wá, nítorí náà ẹgbẹ́ wo ló ṣe ẹgbẹ́ jù lọ? Sly and the Family Stone ni mo mú. Ní San Francisco, ní 1966, ó kó ọkùnrin àti obìnrin, dúdú àti funfun, sójú agbo kan náà. Cynthia Robinson, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ló ń fọn kàkàkí. Greg Errico, ọkùnrin aláwọ̀ funfun, ló ń lùlù. Larry Graham ń fi àtàǹpàkò lu okùn gìtá béèsì ní ọ̀nà tí àwọn oníbéèsì ṣì ń kọ́ títí di òní. Nínú orin kan ṣoṣo, ohùn mẹ́rin lè gba orin lẹ́nu ara wọn. Ẹ yọ ẹnìkan kúrò, orin náà á yí padà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní kò pẹ́: nígbà tó fi di 1975, ẹgbẹ́ náà ti tú ká, Sly sì ti di ẹni tí kì í yọjú síbi eré tí wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ "pẹ́" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tiyín, ẹ máa gbé Grateful Dead lọ, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìdí tí pípẹ́ fi yẹ kó jẹ́ ìwọ̀n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ fi èyí dánra wò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tún kan Fẹlá àti Sunny Adé, tàbí agbábọ́ọ̀lù méjì tí gbogbo ayé ń jà lé lórí. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ béèrè nǹkan méjì: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló ṣáájú "jù lọ", àwọn wo ló sì wà nínú agbo? Ẹni tí kò bá rí èsì fún méjèèjì kò tíì bẹ̀rẹ̀ iyàn.