Bí Afẹ́fẹ́ Ṣe Ń Sọ Iye Omi Inú Tánkì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bo inú, kò jẹ́ kí a rí ikùn aṣebi. Bí ọ̀rọ̀ ènìyàn ti rí ni ọ̀rọ̀ tánkì omi rí. Ní ìgbà tí ó jẹ́ pé àmù ni a fi ń tọ́jú omi, ìyá ilé kò ní ju kí ó ṣí ọmọrí, kí ó bojú wo inú rẹ̀, kí ó sì rán àwọn ọmọ lọ sí odò. Ṣùgbọ́n tánkì òde òní dúdú, ó ga, orí òpó irin ni a sì máa ń gbé e lé. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó kún tàbí ó ti gbẹ.

Kúta jẹ́ ìlú àwọn ọmọ Òwu ní ẹ̀bá Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Olówu ni oyè ọba wọn. Ní irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, kànga ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé gbójú lé. Bí iná mànàmáná bá dé, ẹ̀rọ a fa omi láti inú kànga lọ sínú tánkì. Bí iná bá lọ, ohun tí ó wà nínú tánkì nìkan ni ìrètí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi kànga bá fà sẹ́yìn, olúkúlùkù a máa ṣọ́ omi lò.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú inú wo ilé ìgbẹ̀bí kan ní ọwọ́ alẹ́. Aboyún méjì ń rọbí. Iná ti lọ láti ọ̀sán. Agbẹ̀bí fẹ́ mọ̀ bóyá omi tí ó wà lókè yóò tó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tàbí kí ó tètè rán ènìyàn lọ pọn omi kí òkùnkùn tó kùn. Ta ni yóò gun àkàbà nínú òkùnkùn? Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ọ̀ràn mìíràn dé. Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ẹ̀mí ìyá àti ọmọ ta tẹ́tẹ́ lórí àfojúdá.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ iye omi láìgun òkè. Ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà náà dúró lé. Omi a máa tẹ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá jìn ní mítà 1, ojú ibi tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 síhìn-ín, sẹ̀ǹtímítà 1 sọ́hùn-ún, yóò ru ẹrù omi tí ó tó gíráàmù 100. Bí ó bá jìn ní mítà 2, ẹrù náà di gíráàmù 200. Jíjìn omi nìkan ni ó kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fífẹ̀ tánkì kò kàn án. Tánkì ńlá àti tánkì tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi wọn jìn bákan náà yóò tẹ ìsàlẹ̀ wọn bákan náà.

Nígbà náà, a ó mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó ki ẹnu rẹ̀ kan bọ inú tánkì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀, a ó sì so òkúta tí a ti fọ̀ mọ́ ọn kí ó má baà léfòó. Ẹnu kejì a jáde lọ sí ibi tí ojú lè tó. Afẹ́fẹ́ wà nínú rọ́bà náà. Omi ń fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ gbà fún un, ìjàkadì sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Bí omi tánkì bá ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa tẹ afẹ́fẹ́ náà le sí i. Ẹni tí ó bá lè wọn agbára tí a fi tẹ afẹ́fẹ́ yìí ti wọn jíjìn omi.

Sẹ́ńsọ̀ ni ohun èlò kékeré tí ń ṣe iṣẹ́ wíwọ̀n náà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà a máa tì í, yóò sì tẹ̀ díẹ̀. Iná mànàmáná tí ń gba ara rẹ̀ kọjá a yí padà gẹ́gẹ́ bí ó ti tẹ̀ tó, òǹkà a sì jáde. Àǹfààní rẹ̀ ni pé omi kò kan sẹ́ńsọ̀ náà rárá. Irú ọgbọ́n yìí náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ, tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí omi tó.

Sẹ́ńsọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ṣí sí ìta, nítorí pé afẹ́fẹ́ ayé pàápàá ní ìwúwo. Evangelista Torricelli ará Ítálì fi èyí hàn ní ọdún 1643. Ní ọdún 1648, Blaise Pascal ará Faransé ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé irú ohun èlò Torricelli gun òkè ńlá kan, wọ́n sì rí i pé ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ń dín kù bí a ti ń gòkè. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ìtẹ̀ yìí a máa lọ sókè sódò lójoojúmọ́. Bí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá ṣí, sẹ́ńsọ̀ lè purọ́ sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 nígbà tí omi kò kúrò lójú kan.

Irọ́ tí ó tóbi jù ń bẹ nínú rọ́bà fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa sún kì bí a bá tẹ̀ ẹ́, omi a sì gòkè díẹ̀ nínú rọ́bà. Bí rọ́bà bá gùn ní mítà 4, tí a sì bu omi mítà 1 àti ààbọ̀ sí tánkì tí ó ti gbẹ, omi yóò gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 39 nínú rọ́bà náà. Òǹkà yóò wí pé omi jìn ní sẹ̀ǹtímítà 111 dípò 150. Lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́ a máa yòrò sínú omi díẹ̀díẹ̀, irọ́ náà a sì máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Oògùn rẹ̀ kò le. Kí a tó ka òǹkà, kí a fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà títí yóò fi máa hó jáde nísàlẹ̀ omi. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ tó dé ẹnu rọ́bà gan-an, tí òǹkà sì di òótọ́. Kí a sì fi ọṣẹ ríru pa oríkèé rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú ni afẹ́fẹ́ ti ń jò.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní sẹ́ńsọ̀ lè ṣe é láìná owó púpọ̀. Kí a tẹ rọ́bà tí ó mọ́ gaara ní kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìkọ́, kí a kàn án mọ́ pákó, kí a bu omi aláró sí i dé ìdajì, kí a sì so apá kan rẹ̀ mọ́ rọ́bà tánkì. Omi aláró yóò sọ̀kalẹ̀ ní apá kan, yóò gòkè ní apá kejì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti hó jáde nínú tánkì, iye tí apá kan fi ga ju èkejì lọ ni jíjìn omi tí ó wà lókè ẹnu rọ́bà.

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Níbi tí ojú kò bá dé, ọgbọ́n a máa dé ibẹ̀. Agbẹ̀bí tí ó bá mọ iye omi rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó fa á tí agbẹ̀bí fi fẹ́ mọ iye omi kí òkùnkùn tó kùn?
2. Tánkì méjì jìn bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Èwo ni omi rẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ jù? Ṣe àlàyé.
3. Ọ̀nà wo ni rọ́bà gígùn fi lè purọ́? Kí ni oògùn irọ́ náà?
4. Lo àwọn wọ̀nyí nínú gbólóhùn: àfojúdá, gbójú lé, léfòó, kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀.
5. Kọ àròkọ lórí “Omi kò ní ọ̀tá.”