Òfin Kí Eré Tó Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí jẹ́ ti eré, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ eré kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú èyí tí ènìyàn mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń para pọ̀ kọ ìtàn kan ṣoṣo. Olúkúlùkù yóò mú ẹ̀dá-ìtàn kan bí tirẹ̀: ọ̀kan yóò di ọdẹ, ọ̀kan yóò di oníṣègùn, ọ̀kan yóò di ọmọ ọba tí a lé kúrò ní ìlú. Ọdẹ yóò kọ ohun tí ó sọ àti ohun tí ó ṣe. Oníṣègùn yóò fèsì. Ẹnìkan tí a fi ṣe olùdarí eré yóò sì sọ bí igbó ti rí, àti ẹranko tí ó yọ sí wọn. Báyìí ni ìtàn náà yóò máa gùn sí i, láìsí ẹni tí ó mọ òpin rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: kí ni ó yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ẹnu kò sí kí ẹnikẹ́ni tó kọ gbólóhùn kìíní? Bí ìbéèrè náà bá kéré lójú ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi sùúrù bá mi dé òpin.

IBI TÍ ERÉ NÁÀ TI WÁ

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson, ará Amẹ́ríkà méjì, gbé eré tí a ń pè ní Dungeons & Dragons jáde. Àwọn òṣèré máa ń jókòó yí tábìlì kan ká, wọ́n ń fi ẹnu sọ ìtàn náà, wọ́n sì ń da dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Ní 1978, Roy Trubshaw, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí kọ eré kan tí a pè ní MUD fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Richard Bartle sì mú iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú. Nínú eré yìí, ènìyàn púpọ̀ lè wọ inú ayé ìtàn kan náà ní àkókò kan náà, láìrí ojú ara wọn.

Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó níwájú mi, mo lè rí i bí ó bá fa ojú ro. Mo lè gbọ́ ọ bí ohùn rẹ̀ bá yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní òdìkejì ẹ̀rọ, n kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ bí kò ṣe ohun tí ó kọ. Nígbà tí a bá ń pa ààlọ́ ní alẹ́ ní ilé wa, àgbà kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń wo ojú àwọn ọmọ. Bí ìtàn bá ń dẹ́rù ba èyí tí ó kéré jù, àgbà náà yóò mọ̀, yóò sì yí i sí ẹ̀rín. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin tí a jọ ṣe ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ojú àgbà náà. Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí.

ÀPẸẸRẸ MÉJÌ

Ní 1986, ilé iṣẹ́ Lucasfilm Games ní Amẹ́ríkà gbé ayé ìtàn kan kalẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Habitat, fún àwọn tí ó ní kọ̀ǹpútà Commodore 64. Chip Morningstar àti Randall Farmer, tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà, kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ojú wọn rí. Ohun ìjà wà nínú ayé náà. Òṣèré kan lè ja ẹlòmíràn lólè, ó sì lè pa á. Ẹni tí a pa kò kú tán, nítorí ilé rẹ̀ ni yóò tún bá ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ọwọ́ rẹ̀ ti lọ. Láìpẹ́, àríyànjiyàn dé. Òṣèré kan, tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ Orthodox ti Gíríìkì, dá ìjọ kan sílẹ̀ nínú eré náà, ó sì ka ohun ìjà àti olè jíjà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn dìbò yan olórí ọlọ́pàá. Nígbà tí a bi gbogbo wọn léèrè bóyá ìpànìyàn inú eré jẹ́ ọ̀ràn, ìdajì ní ọ̀ràn ni, ìdajì ní ara adùn eré ni. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n fi àdéhùn parí rẹ̀: olè jíjà àti ìbọn yínyìn kò ní sí nínú ìlú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi kò ní ààbò. Ẹ kíyèsí i pé àdéhùn náà kò sọ apá tí ó jàre. Ohun tí ó ṣe ni pé ẹni tí ó bá gba ẹnu odi kọjá ti mọ ohun tí ó lè bá òun.

Àpẹẹrẹ kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1990, Pavel Curtis dá LambdaMOO sílẹ̀ ní California. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni gbogbo ilé, ọgbà, àti ènìyàn inú rẹ̀. Ní òpin 1992, ó kéde pé àwọn alábòójútó ẹ̀rọ kò ní máa dá sí aáwọ̀ àwọn òṣèré mọ́; kí àwọn òṣèré máa tún ilé ara wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kò tí ì sí ìlànà tí wọn yóò fi tún un ṣe. Ní 1993, òṣèré kan lo ọgbọ́n ẹ̀rọ láti kọ ohun ìtìjú àti ìwà ipá, bí ẹni pé àwọn ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn ni ó ń ṣe é, ní gbangba. Àwọn tí ó ni ẹ̀dá wọ̀nyí jókòó sí ilé wọn, wọ́n ń ka ohun tí a ń fi orúkọ wọn ṣe, wọn kò sì lè dá a dúró. A pe ìpàdé ńlá, ọ̀rọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé tú ká láìsí ìdájọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti dá a. Lẹ́yìn náà ni alábòójútó kan dá ṣe ìpinnu, tí ó sì pa ẹ̀dá arúfin náà rẹ́. Nígbà tí Curtis gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó gbé ìlànà ẹ̀bẹ̀ àti ìdìbò kalẹ̀ fún gbogbo wọn. Ìlànà dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọgbẹ́ ni ó dé.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò sí ẹni tí a fi ọwọ́ kàn.” Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ilé, tí ó jẹ́ aṣọ, tí ó sì jẹ́ ara, a kò lè pè é ní lásán.

ÒFIN MẸ́FÀ TÍ Ó YẸ KÍ A KỌ́KỌ́ FI LÉLẸ̀

Èkíní, kí a fi ohùn ṣọ̀kan lórí irú ìtàn tí a fẹ́. Bí ẹni méjì bá wá fún ẹ̀rín, tí ẹni mẹ́ta wá fún ogun, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣẹ̀. Kí a sọ ìlú tí a wà, ìgbà tí a wà, ohun tí agbára ẹ̀dá-ìtàn lè ká, àti bóyá ẹ̀dá-ìtàn lè kú.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe darí ẹ̀dá ẹlòmíràn. Ọdẹ kò gbọ́dọ̀ kọ pé, “Mo ta ọfà, ó gún ọmọ ọba ní àyà, ó ṣubú.” Ohun tí ó tọ́ ni kí ó kọ pé, “Mo fa ọrun, mo sì ta ọfà sí ibi tí ọmọ ọba dúró sí.” Ẹni tí ó ni ọmọ ọba, tàbí olùdarí, tàbí dáìsì, ni yóò sọ ibi tí ọfà náà balẹ̀ sí. Ìgbìyànjú ni tèmi. Ohun tí ó bá ara rẹ jẹ́ tìrẹ. Bí a bá ní kí a mú òfin kan ṣoṣo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí ni mo rò pé a óò mú, nítorí òun ni a rú ní LambdaMOO.

Ẹ̀kẹta, kí a ya ìmọ̀ òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀ ẹ̀dá-ìtàn. Èmi ti kà á pé a da májèlé sínú ọbẹ̀ ní òru. Ṣùgbọ́n ọdẹ mi wà nínú igbó, kò mọ̀. Ọbẹ̀ náà ni yóò jẹ nígbà tí ó bá dé. Bákan náà, kí a ní àmì tí a óò fi mọ̀ ìgbà tí ènìyàn ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹ̀dá rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òṣèré máa ń fi àkámọ́ méjì-méjì yí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Ìbínú ọdẹ sí oníṣègùn kò gbọ́dọ̀ di ìbínú ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi ìgbà sí i. Ẹnìkan ní àyè láti kọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ títí di alẹ́. Bí kò bá sí òfin, ẹni àkọ́kọ́ yóò gbé ìtàn lọ kí èkejì tó jí. Kí a sọ iye ọjọ́ tí a óò fi dúró de ẹnìkan, kí a sì sọ ohun tí yóò ṣe ẹ̀dá rẹ̀ bí kò bá dé: kí olùdarí jẹ́ kí ó sùn tàbí kí ó ṣọ́ ẹrù, kí ó má ṣe pa á.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pa ààlà. Ron Edwards, ará Amẹ́ríkà tí ó ń kọ irú eré yìí, pín ààlà sí ọ̀nà méjì: àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìtàn rárá, àti àwọn ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé láìjẹ́ pé a ṣàlàyé wọn. John Stavropoulos, ará Amẹ́ríkà kan náà, fi káàdì kan tí a kọ X sí kún un: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba ohun tí ń lọ yóò fi ọwọ́ kan káàdì náà, a óò sì yí ìtàn padà láìbi í ní ìdí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan tí a ti jọ yàn, bí “dúró,” tó. Agbára òfin yìí wà nínú pé a kò ní bèèrè ìdí. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú ìyá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ kí a tó yọ̀ǹda fún un kí ó má kọ ìtàn òkú.

Ẹ̀kẹfà, kí a mọ onídàájọ́, kí a sì mọ ọ̀nà tí a lè gbà pe olùdarí gan-an lẹ́jọ́. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Olùdarí tí ó ń yí òfin padà nígbà tí ẹ̀dá tirẹ̀ bá ń pàdánù ti sọ eré di oko ara rẹ̀.

BÍ A TI Í GBÉ WỌN KALẸ̀

Kí òfin náà má ju ojú ìwé kan lọ, nítorí èyí tí a kò lè kà tán ni a kò ní pa mọ́. Kí gbogbo òṣèré bá wọn kọ ọ́, kí olúkúlùkù sì kọ pé òun gbà. Àlejò tí ó bá wọlé lẹ́yìn náà, kí ó kà á kí ó tó mú ẹ̀dá-ìtàn. Kí a ṣe àdánwò ìran kúkúrú kan; lẹ́yìn rẹ̀, kí a bèèrè ohun tí ó yẹ láti tún ṣe. A kò gbọ́dọ̀ yí òfin padà láàárín ìjà. Kí ìjà kọ́kọ́ rọlẹ̀.

Àwọn kan yóò ní òfin ń ba eré jẹ́. Ẹ wo ọpọ́n ayò: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bu ọmọ ayò láti inú ihò ẹnìkejì rẹ̀ bí ó bá ti wù ú. N kò tí ì gbọ́ kí ọ̀ta kan ráhùn pé èyí ba ayò jẹ́. Nínú ìlànà yẹn ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ń yọ.

OHUN TÍ Ó KAN ÀWA OLÙKỌ́

A lè lo eré yìí láti kọ́ ọmọ ní àròkọ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ kọ ojú ìwé kan fún olùkọ́ lè kọ mẹ́ta fún ọdẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, òfin mẹ́fà kò tó. Kí ọmọ má ṣe lo orúkọ ara rẹ̀, kí ó má ṣe dárúkọ ilé-ìwé, àdírẹ́sì, tàbí nọ́ńbà fóònù. Kí ẹni tí a kò mọ̀ má ṣe wọlé. Kí olùkọ́ sì máa ka gbogbo ohun tí a kọ, lójoojúmọ́. Olùkọ́ tí kò ní àyè fún èyí, kí ó ṣe eré náà lórí pátákó nínú kíláàsì, níbi tí ó ti lè rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Bí ẹ bá wà ní Habitat, ẹ̀yin yóò ha dìbò pé ìpànìyàn inú eré jẹ́ ọ̀ràn bí? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
2. Kí ni ó yẹ kí ó ti wà nílẹ̀ ní LambdaMOO kí 1993 tó dé?
3. Ẹ kọ òfin ojú ìwé kan fún ọmọ mẹ́fà ní kíláàsì yín, kí ẹ sì fún wọn láyè láti tún un ṣe.