Àárọ̀ ni tàbí alẹ́?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ máa kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí, ilé kì í sì í tètè dákẹ́ lálẹ́. Ìgbà wo ló dára jù? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ohun tí ẹ fẹ́ kọ ni kí ẹ fi yan àkókò. Bí ó bá jẹ́ èrò tó ń dà yín láàmú, ìdájí dára. Julia Cameron, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ní kí èèyàn fọwọ́ kọ ojú ewé mẹ́ta ní kété tó bá jí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá yín wẹ ọmọ mẹ́ta fún ilé ìwé?

Alẹ́ ni mo fọwọ́ sí fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kì í pẹ́ kó tó fò lọ lórí ẹni. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ lónìí, ó di ìgbàgbé. Ẹ wá fi iṣẹ́ ọ̀la kún un. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 fi hàn pé àwọn tó fi ìṣẹ́jú 5 kọ iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ kí wọ́n tó sùn fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 tètè sùn ju àwọn tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti parí.

Ẹ jókòó sídìí tábìlì, ẹ má gbé ìwé náà lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí fóònù sì jìnnà. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín, ẹ kọ ìlà méjì péré, kí ẹ fi déètì sí i.